Áńtẹ̀nì Tó Wà Nílé Ìdáná

Ọ̀rọ̀ kan ló kọ́kọ́ kó wa sí wàhálà, kí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ tó dé rárá. Ọ̀rọ̀ náà ni "sìkánẹ̀." Ìyàwó mi, tó ń ta epo pupa ní ọjà Adja-Ouèrè, ló sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ọkọ òun ń lọ sí Àjàṣẹ́ lọ ra sìkánẹ̀. Kò purọ́. Ohun tí mo fẹ́ lọ rà nìyẹn: rédíò kékeré kan tó máa ń wá ohùn kiri fúnra rẹ̀, láti orí nọ́ńbà kan dé òmíràn, títí yóò fi bá ibi tí èèyàn ti ń sọ̀rọ̀, tí yóò sì dúró síbẹ̀ láti gbọ́. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tiwa, níbi tí èdè Faransé ti ń bá wa gbé bí àlejò tí kò rántí ilé mọ́, sìkánẹ̀ kan ṣoṣo tí àwọn èèyàn mọ̀ ni ti ilé ìwòsàn ńlá, èyí tí wọ́n máa ń ti aláìsàn wọ inú rẹ̀ láti wo ohun tó wà nínú egungun rẹ̀.

Kí n tó ti Àjàṣẹ́ dé, ìyá àgbàlagbà kan láàárín àwọn oníbàárà ìyàwó mi ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa pẹ̀lú orúnkún wọn. Mo ní "pẹ̀lú orúnkún wọn" nítorí pé wọ́n ti ká ìró sókè, wọ́n sì gbé orúnkún náà síta bí ẹni tó pàtẹ ọjà.

"Mẹ́tìrì, ẹ kú ìrìn o," wọ́n ní, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe olùkọ́ nílẹ̀ wa. "Tòsì yìí ni kí ẹ bá mi wò. Ọ̀tún ò ṣe nǹkan kan."

Mo ṣàlàyé. Wọ́n gbọ́ ọ, wọn ò gbà á. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé àwọn ẹbí mi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ wò, pé kò burú, àwọn á dúró.

Ọ̀rọ̀ náà rìn dé Oko-Akarè, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń dáko. Ẹnu wọn mú ju àdá wọn lọ, bẹ́ẹ̀ àdá náà ò kú. Wọ́n pè mí lórí pọ́tábù, fóònù alágbèéká mi.

"Mo gbọ́ pé o ti di dókítà," wọ́n ní. "Àwa tí a rán ọ lọ sílé ìwé ò mọ̀. Ìgbà wo lo máa wo ẹ̀yìn tó ń dùn mí?"

"Ẹ̀gbọ́n, rédíò ni."

"Rédíò tó ń wo ẹ̀yìn?"

"Rédíò tó ń gbọ́ràn ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìwọ ò gbọ́ràn rí, ó yẹ kí nǹkan kan máa gbọ́ràn nílé yín."

Bí a ti máa ń ṣe nìyẹn. Àwọn ló pọ̀n mí nígbà tí ìyá wa ń lọ sóko, àwọn ló fà mí lọ́wọ́ dé ilé ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọn ò sì tíì dárí jì mí pé mo padà di ẹni tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní Mẹ́tìrì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí olùkọ́ Faransé ń fi rédíò bẹ́ẹ̀ ṣe. Ìlú mi wà lẹ́bàá Tatonnonkon, ilẹ̀ amọ̀ dúdú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ yẹn máa ń la débi pé ẹsẹ̀ adìyẹ á há sínú rẹ̀. Nígbà òjò, á kọ́kọ́ gba bàtà lọ́wọ́ ẹni, á gba táyà sẹ́mìjàn, ọ̀kadà wa, á sì gba áńbúláǹsì ilé ìwòsàn pẹ̀lú gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ìdí tí a fi dá ẹgbẹ́ afàkọ̀ sílẹ̀ nìyẹn, àwa tí apá wa ṣì lè fa okùn. Bí áńbúláǹsì bá máa gba ọ̀nà tó burú, a máa ń lọ dúró dè é létí omi, a ó sì fà á kọjá. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún wa pé ó ń bọ̀? Résò pọ́tábù, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kì í dúró nínú igbó ọ̀pẹ. Ó dé, ó lọ, bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tó rí ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

Àwọn awakọ̀ áńbúláǹsì ní rédíò tiwọn tí wọ́n fi ń bá ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀. A lọ sí mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ ká máa tẹ́tí sí i. Wọ́n gbà, wọ́n sì kọ ọ́ fún wa pé etí nìkan ni, kò gbọdọ̀ sí ẹnu. Olórí ẹgbẹ́ wa, tó jẹ́ télọ̀, tó sì jẹ́ ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí a ti jọ ń jí máńgòrò ká, ní àdéhùn yẹn ò ní ṣòro fún ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́, àfi èmi.

Wọ́n ní kí n lọ yan ẹ̀rọ náà. Mo ní Faransé ni mò ń kọ́ni, mi ò mọ nǹkan kan nípa rédíò. Wọ́n ní ẹni tó ti kàwé ti kàwé. Télọ̀ tẹ̀ lé mi lọ sí Àjàṣẹ́ kí n má bàa fi owó ẹgbẹ́ ra ìwé.

Ọkùnrin tó ń ta àwọn nǹkan wọ̀nyí kó sìkánẹ̀ méjì síwájú wa. Ọ̀kan kéré, kò wọ́n. Èkejì sanra, ó wọ́n gan-an. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé òpó mélòó ló ń gbé ohùn àwọn awakọ̀ wa káàkiri.

"Méjì," mo wí, mo sì fi ìgbéraga díẹ̀ kún un, bí ẹni pé èmi ni mo rì wọ́n mọ́lẹ̀. "Ọ̀kan nínú ìlú Adja-Ouèrè, ọ̀kan lọ́nà Pobè. Bí awakọ̀ bá sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì á jọ tún un sọ lẹ́ẹ̀kan náà, kó lè dé ibi gbogbo."

"Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé èyí tó sanra," ó ní. "Òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń ya ohùn méjì kúrò lára ara wọn. Èyí kékeré á da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra."

Télọ̀ yíjú sí mi, ó sì fi Ọ̀họ̀rí, èdè ilé wa, sọ̀rọ̀ kí ọkùnrin náà má bàa gbọ́: "Ọjà tó wọ́n ló fẹ́ dì fún wa."

Ọkùnrin náà fi Ọ̀họ̀rí dá a lóhùn: "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá, òun ni mo fẹ́ tà. Ṣùgbọ́n òótọ́ náà ni mo sọ."

Ojú tì wá, a sì ra èyí kékeré. Ẹ má bi mí pé kí ló fa ìyẹn. Bí ojú bá ti ti èèyàn tán, kì í fẹ́ gba ìmọ̀ràn mọ́.

Ó ku áńtẹ̀nì. Télọ̀ dúró níwájú wọn bí ọkọ ìyàwó. Ọ̀kan ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó nà ṣánṣán bí ọ̀pá ìpẹja; ibi gbogbo ló ti ń gbọ́ràn, iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì. Èkejì kúrú, ó ní irin wẹ́wẹ́ lọ́tùn-ún àti lósì, ó wá dà bí eegun ẹja tí wọ́n ti jẹ ẹran ara rẹ̀ tán. Ibi tí ẹ bá kọ ojú rẹ̀ sí nìkan ló ti máa ń gbọ́ràn, kì í gbọ́ ti ẹ̀yìn.

"Adití lápá kan nìyí," Télọ̀ wí, ó sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ta ló ń fi owó ra adití?"

A gbé èyí tó ga. A dá a bú lórí sẹ́mìjàn láti títì ọ̀dà wọlé, gbogbo ẹni tó pàdé wa lọ́nà sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún wa bí ẹni ń kí ọba. A rì í sórí páànù ilé mi. Ó ga ju áńtẹ̀nì tẹlifísọ̀n ẹnikẹ́ni lọ. Àwọn ará abúlé kejì wá wò ó. Télọ̀ dúró sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó bí i.

Nígbà tó wá sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó sọ.

Kì í ṣe pé kò ní ohùn. Ohùn pọ̀ jù ni. Bí awakọ̀ bá sọ gbólóhùn kan, á jáde bí ẹni tó ń fọ ẹnu lọ́wọ́ nínú kànga. Ẹ fojú inú wò ó pé ìyá ìyàwó yín wà lọ́tùn-ún, àbúrò wọn wà lósì, àwọn méjèèjì ń bá yín wí lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà gan-an, àmọ́ ọ̀kan fi ìdajì èémí ṣáájú èkejì. Ẹ mọ̀ dájú pé wọ́n ń bá yín wí. Ẹ ò lè sọ ohun tí ẹ ṣe.

Faransé lè la irú èyí já, nítorí pé bí o gbé ohùn sókè, bí o gbé e sísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ń jẹ́ ohun tó ń jẹ́. Yorùbá ò lè là á já. Bí ohùn òkè bá ti wọ́ mọ́ ti ìsàlẹ̀ lára, ó parí. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an, awakọ̀ ní kí wọ́n bá òun wá ọkọ̀ mìíràn sí ìkóríta, àwa gbọ́ pé ọkọ́ ló fẹ́. Odindi ẹgbẹ́ afàkọ̀ ru ọkọ́ lọ bá a. Ó wò wá títí, ó wo àwọn ọkọ́ náà.

"Ẹ̀yin bàbá," ó ní, "ṣé ẹ ti gbẹ́ ilẹ̀ náà tán ni, àbí a ṣì ní àkókò díẹ̀?"

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Òjò lé mi wọlé lọ́jọ́ kan, mo sì gbé sìkánẹ̀ náà sá lọ sílé ìdáná, mo fi áńtẹ̀nì rọ́bà kékeré tó bá a wá sí i lórí. Awakọ̀ kan sọ̀rọ̀, a sì gbọ́ ọ kedere.

"Bàbá Ìbejì," ìyàwó mi wí, ó ń ro ọbẹ̀ lọ́wọ́, "kí ló dé tí nǹkan yìí ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn níbí, tó sì ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀mùtí lọ́dọ̀ yín níta?"

Mo gbé e jáde. Ọ̀mùtí. Mo gbé e wọlé. Èèyàn. Mo gbé e yí ilé ká nínú òjò títí ìyàwó mi fi bi mí bóyá kí òun lọ pe àwọn ẹbí mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ògiri alámọ̀ ilé ìdáná wa nípọn, ó sì dúró sáàárín ẹ̀rọ náà àti òpó tó wà nínú ìlú. Ó dí i lẹ́nu. Òpó ọ̀nà Pobè nìkan ló ráyè bá wa sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé a ò gbọ́ tó tẹ́lẹ̀. A ti ń gbọ́ jù ni. Gíga tí Télọ̀ fi ń yangàn gan-an ló ń kó àwọn méjèèjì bá wa.

Mo padà sí Àjàṣẹ́ láìmú Télọ̀ dání, mo ra adití. Mo ronú pé bí mo bá kọ ojú rẹ̀ sí Pobè, tó kẹ̀yìn sí ìlú, á ṣe iṣẹ́ tí ògiri ń ṣe. Ọkùnrin ọlọ́jà náà dá mi mọ̀. Ó kàn rẹ́rìn-ín ní Ọ̀họ̀rí.

Ẹgbẹ́ kọ̀ ọ́. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n dán an wò.

"Ká wá sọ èyí tó ga kalẹ̀?" Télọ̀ wí. "Kí la máa sọ fún àwọn ará abúlé kejì?"

"Pé a fẹ́ máa gbọ́ràn ni."

"Mẹ́tìrì, ẹ dákẹ́. Á mọ́ etí wa lára."

Bí adití ṣe di ará ilé ìdáná nìyẹn. Mo gbé e kọ́ sára ògiri, ìyàwó mi sì rí i pé irin wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ dára láti sá ẹja lé. Ẹni tó bá wọlé a máa bi í pé ta ló ṣe irú nǹkan yẹn fún un. Á ní ọkọ òun ni, pé orí rẹ̀ máa ń pé nígbà mìíràn.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ọ̀sán ni. Òjò àárọ̀ ti dá, oòrùn ti yọ sórí ẹrẹ̀. Ìyàwó mi ń ṣa ẹyìn lójúde, Télọ̀ jókòó sábẹ́ máńgòrò, ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi, ó sì ń sọ fún mi pé kò dùn. Pọ́tábù mi dún. Ẹni tí oko rẹ̀ bá ti Ẹ̀gbọ́n mi pààlà ló pè.

"Mẹ́tìrì, ejò ti bu Ẹ̀gbọ́n yín jẹ lẹ́sẹ̀. Áńbúláǹsì ti gbé wọn, wọ́n ti ń—"

Résò gé. Mo pè é padà. Obìnrin inú pọ́tábù fi Faransé tó dùn sọ fún mi pé ẹni tí mò ń pè kò sí lórí ìlà. Mo tún pè. Ó tún sọ bẹ́ẹ̀, kò yí ohùn padà rárá.

Mo sọ fún àwọn méjèèjì ohun tí mo gbọ́. Àwa tí a ń gbé ibí mọ ohun tí ejò jẹ́. Oògùn rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ bí èèyàn bá tètè débẹ̀. Ọ̀nà láti Oko-Akarè ló wà láàárín. Mo sáré tan sìkánẹ̀ náà. Ó ń sáré lórí àwọn nọ́ńbà rẹ̀, ó sáré títí, ó dúró. Ohùn awakọ̀ jáde, ọmọ Oko-Akarè tí gbogbo wa mọ̀, ó ń wọ́, ó ń rì, ó ń léfòó:

"...gbé Ìyá... ó kú... odò... rì..."

Ó dákẹ́. Ẹ̀rọ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri bí ẹni pé kò sọ nǹkan kan.

Télọ̀ rọra ṣí fìlà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

"Kí ló sọ?" ìyàwó mi béèrè lójúde. Ó dìde, ọwọ́ rẹ̀ pupa fún ẹyìn. "Bàbá Ìbejì, mo ní kí ló sọ?"

"Ó ní ó kú," mo wí.

Mo rò pé yóò ké. Kò ké. Ó dúró, ó kọjú sí mi, ó ń ronú bí ẹni tí wọ́n fún ní ṣẹ́ńjì tí kò pé.

"Ta ló sọ pé 'ó'?"

"Awakọ̀."

"Awakọ̀ wo? Ọmọ Oko-Akarè yẹn? Tí Ọkọ mi máa ń dá dúró lójú ọ̀nà láti bi í pé ṣé kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní ìkíni? Òun ló pe Ọkọ mi ní 'ó'?"

Ẹ̀gbọ́n mi ló ń pè ní Ọkọ mi, bí obìnrin ilé wa ti í pe ará ilé ọkọ rẹ̀.

"Ìyá Ìbejì," Télọ̀ fi pẹ̀lẹ́ sọ, "orí rédíò ni. Ta ló ń ráyè bọ̀wọ̀ fúnni lórí rédíò?"

"Ọmọ yẹn ń ráyè. Kódà kí wọ́n kú lóòótọ́, ẹ̀rù wọn á ṣì máa bà á. Á ní 'wọ́n ti kú.' Á ní 'Ìyá ti lọ.' Kò jẹ́ pè wọ́n ní 'ó' láéláé. Nǹkan mìíràn ló sọ, ẹ̀rọ burúkú yẹn ló bà á jẹ́."

Ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí lè rò pé ohun kékeré nìyẹn láti gbára lé. Èmi náà mọ̀ pé ó kéré. Létí mi, "ó kú" ni, mo gbọ́ ọ. Àmọ́ mo di 'ó' yẹn mú bí ẹni tó ń ṣubú ṣe ń di ẹ̀ka mú. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi ẹnu wọn kọ́ gbogbo Oko-Akarè ní ọ̀wọ̀. Ó yẹ kí ó wúlò fún wọn lónìí.

Mo wọ ilé ìdáná. Mo já adití kúrò lára ògiri, ẹja dà sílẹ̀, ìyàwó mi ò tiẹ̀ wo ibẹ̀. Mo yọ wáyà ti orí páànù kúrò lára sìkánẹ̀, mo ki ti eléegun ẹja bọ̀ ọ́. Télọ̀ gbé e sókè lójúde.

"Kọ ojú rẹ̀ sí Pobè," mo wí. "Yí i sọ́tùn-ún."

"Ọ̀tún ta ni, tèmi àbí tìẹ?"

"Ti Pobè."

"Pobè ní ọ̀tún?"

"Télọ̀, mo bẹ̀ ọ́."

Ó yí i. Ó dúró bẹ́ẹ̀, apá rẹ̀ lókè, ẹja kan tó ṣì há sára irin náà ń mì lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ mìíràn, ǹ bá ti rẹ́rìn-ín títí di alẹ́. A dúró. Ẹ̀rọ náà ń sáré, kò rí ẹnikẹ́ni. Mo gbọ́ bí ìyàwó mi ṣe ń mí. Mo gbọ́ adìyẹ kan tó ń wa ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, inú sì bí mi sí i.

Ẹ̀rọ náà dúró.

"Ilé ìwòsàn, èmi náà ni mo tún ń pè." Ohùn náà mọ́ bí omi àmù. "A ti gbé Ìyá o. Ó kù díẹ̀ ká dé odò ọ̀nà ọ̀pẹ. Ẹ bá mi sọ fún àwọn afàkọ̀ kí wọ́n kó okùn wá, ká má bàa rì síbẹ̀."

Ó kù. Ó kù díẹ̀. Bí ohùn ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, mo rò pé ọkàn mi náà bá a sọ̀ kalẹ̀ sí àyè rẹ̀. Kí awakọ̀ tó gbé ọwọ́ kúrò lórí rédíò, ohùn mìíràn wọlé láti ẹ̀yìn rẹ̀, ohùn tí mo ti ń gbọ́ láti ìgbà tí mo ti ní etí:

"Wo iwájú rẹ. Ṣé rédíò ló ń wa ọkọ̀?"

"Ẹ má bínú, Ìyá," awakọ̀ wí, ohùn sì gé.

Ìyàwó mi jókòó sílẹ̀ gbalaja sórí ẹyìn tó ti ṣà, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ elépo nù ún títí ojú rẹ̀ fi pupa. "Mo ti sọ fún yín," ó ní. "Ṣé n ò sọ fún yín?" Télọ̀ dé fìlà rẹ̀ padà. Ó gbé adití náà lé mi lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, ó sì ti ń sáré lọ pe àwọn ẹgbẹ́ kí n tó lè sọ̀rọ̀.

Odò méjì ni áńbúláǹsì lè gbà láti Oko-Akarè. Ká ní a ò gbọ́ pé ọ̀nà ọ̀pẹ ni, ìdajì wa á lọ síbì kan, ìdajì á lọ síbòmíràn, ìdajì ẹgbẹ́ wa kì í sì í gbé áńbúláǹsì kúrò nínú ẹrẹ̀. Gbogbo wa la jọ débẹ̀, pẹ̀lú okùn, kò sí ọkọ́ kan láàárín wa. Ọkọ̀ náà wọ omi, ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ jókòó, a so okùn mọ́ ọn níwájú, a fà á. Mo bá ara mi ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ṣí díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti di ẹsẹ̀ wọn mọ́ pákó kó má bàa mì, ojú wọn ti wú díẹ̀, ara wọn ń gbọ̀n. Wọ́n rí mi.

"Ìwọ náà wá," wọ́n ní.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ pẹ̀lẹ́."

"Pẹ̀lẹ́ ò fa ọkọ̀. Di okùn mú."

Mo di okùn mú. Mi ò rò pé mo ti gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu kíákíá bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ọkọ̀ náà jáde nínú omi pẹ̀lú ariwo bí ìgbà tí èèyàn fa ẹsẹ̀ yọ nínú bàtà tútù, awakọ̀ gbé ọwọ́ sí wa, wọ́n sì lọ.

Mo gun sẹ́mìjàn tẹ̀ lé wọn. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ti gún wọn lábẹ́rẹ́, wọ́n ti fa omi sí wọn lápá. Obìnrin tó ń tọ́jú wọn jáde wá bá mi lórí bẹ́ǹṣì, ó ní oògùn ti bá oró náà nígbà tó yẹ, pé ẹsẹ̀ náà á ṣì wú, á ṣì dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti kúrò níbẹ̀. Ó ní kí n wá jókòó tì wọ́n, kí n sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ṣiṣẹ́ àwọn. Mo bi í pé kí ni wọ́n ṣe.

"Wọ́n ń bi mí pé ta ló kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń di ẹsẹ̀," ó ní.

Mo sọ fún un pé ara wọn ti ń yá nìyẹn.

Ní ti áńtẹ̀nì, kò sí ìpàdé lórí rẹ̀. Nígbà tí mo délé, Télọ̀ ti gun orí páànù lọ fúnra rẹ̀, ó ti sọ èyí tó ga kalẹ̀, ó sì ń bi ìyàwó mi láti òkè pé apá ibo ni Pobè wà gan-an. Àwọn ará abúlé kejì wá wò ó. Ó sọ fún wọn pé irú tuntun ni, pé àwọn èèyàn Àjàṣẹ́ pàápàá ò tíì mọ̀ ọ́n. Ó ti gbé ẹja lórí nítorí ẹ̀gbọ́n mi. Jẹ́ kó sọ ohun tó bá wù ú.

Nígbà tí ara Ẹ̀gbọ́n mi le tó láti jókòó, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kí mi láàárọ̀ ni iṣẹ́. Wọ́n ní ẹ̀gẹ́ àwọn ṣì wà nínú omi ní Oko-Akarè, pé ọjọ́ tí ejò náà bu àwọn jẹ ni àwọn rẹ ẹ́, pé bí kò bá sẹ́ni tó kó o jáde, yóò bà jẹ́. Wọ́n ní kí n lọ. Wọ́n ní kí n má rán ẹnikẹ́ni. Wọ́n ṣàlàyé fún mi, fún ọkùnrin tó ní ìbejì, tó ní irun funfun lágbárí, bí wọ́n ṣe ń yọ ẹ̀gẹ́ kúrò nínú omi, bí wọ́n ṣe ń fa okùn inú rẹ̀ yọ, bí wọ́n ṣe ń fún un, wọ́n sì bi mí lẹ́yìn rẹ̀ bóyá mo ti gbọ́, kí n tún un sọ fún àwọn. Mo tún un sọ fún wọn látòkè délẹ̀. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì ń rẹ́rìn-ín mi.

Mo lọ sí Oko-Akarè ní ọ̀sán náà. Mo bọ́ bàtà létí oko nítorí ẹrẹ̀, mo ká ṣòkòtò sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sídìí àmù ńlá wọn, òórùn ẹ̀gẹ́ náà sì gbá mi lójú. Ó ti rọ̀ dáadáa, kò tíì bà jẹ́. Mo ń yọ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo ń fa okùn inú rẹ̀ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ooru oòrùn wà lẹ́yìn mi. Ẹni tí oko rẹ̀ bá tiwọn pààlà gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó bi mí pé Ẹ̀gbọ́n ńkọ́.

"Wọ́n rán mi níṣẹ́," mo wí.

Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ẹ̀gẹ́ náà, ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó sì kúnlẹ̀ bá mi fún omi ẹ̀gẹ́.